Imú Tuntun fún Ọkọ̀ Sarmad

Ọkọ̀ Sarmad gbó débi pé, tó bá ń gun òkè, ìgbín á yà á sílẹ̀, á tún dúró dè é lókè kí wọ́n jọ ṣeré. Ọ̀rẹ́ mi ni Sarmad, èmi Tufail sì ni mẹkáníìkì rẹ̀. Gbogbo ẹ̀sín tí ará ìlú wa Abbottabad bá fi ọkọ̀ náà ṣe, ìdajì rẹ̀ tèmi ni.

Ọ̀rọ̀ wá kúrò ní ẹ̀fẹ̀ lọ́jọ́ tí Màdáámù Nighat ń wá awakọ̀ tí yóò máa gbé àwọn olùkọ́ rẹ̀ lọ láràárọ̀. Òun ni ọ̀gá ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin tó wà lójú ọ̀nà Thandiani, níbi tí òkè ti ga débi pé ewúrẹ́ á kọ́kọ́ gbàdúrà kó tó gùn ún.

"Gbé èèyàn mẹ́ta wá sí ẹnu géètì mi ní Ọjọ́bọ̀," ó sọ fún Sarmad. "Bí ẹnì kankan bá sọ̀ kalẹ̀ láti tì í, má wulẹ̀ wá kí mi."

Bí kò bá rí iṣẹ́ yìí, Dubai ló ń lọ, láti lọ máa ru bíríkì nínú oòrùn. Aṣojú tó ń bá èèyàn wá iṣẹ́ lókè òkun ti bá a ṣètò ohun gbogbo. Ìyá rẹ̀ ti sunkún ìrìn àjò náà títí, odò ìsàlẹ̀ ilé wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ di omi iyọ̀.

"Tufail, ṣé o lè ṣe é?"

"Èmi? Ẹni tó lè mú ọmọlanke fò!"

Ọkọ̀ náà ò lè mí dáadáa ni. Àpótí dúdú tó ń fi fa afẹ́fẹ́ wà níbi tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná jù, ooru ló ń fà símú. Mo lọ sí ọjà àlòkù, mo ra páìpù aluminíọ̀mù tó tẹ̀ bí ìgbọ̀nwọ́, àti fítà pupa kan tó ń sẹ́ eruku kúrò nínú afẹ́fẹ́, tó rí bí òkòtó. Nígbà tí mo tú àpótí àtijọ́, eruku inú rẹ̀ tó gbin àlìkámà. Èkúté kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó, ọmọ, àti àwọn àna tó wá kí wọn.

"Irọ́ yìí pọ̀ jù," Sarmad ní.

"Bi èkúté léèrè."

Páìpù gùn jù, ó ń forí gbá bátìrì. Mo fi ayùn irin gé e, mo fi fáìlì pọ́n ẹnu rẹ̀ kó má bàa ya rọ́bà tó so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì. Mo tì í gba ẹ̀yìn iná iwájú, kí fítà lè kọjú sí ibi tí atẹ́gùn tútù ti ń wọlé, mo sì fún kílíìpù rẹ̀ le. Sarmad ṣíná sí i. Ọkọ̀ tó ti ń wúkọ́ bí baba arúgbó wá ń ké ramúramù bí ẹkùn tí wọ́n jí ẹran rẹ̀ gbé! Adìẹ aládùúgbò fi ìbẹ̀rù yé ẹyin tó ti jinná tán.

Ní Ọjọ́bọ̀, èmi, ìyá Sarmad, àti Daud alápatà, àbúrò bàbá Sarmad, la wọlé. Daud nìkan tó màlúù méjì. Nísàlẹ̀ òkè, awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan yọ orí jáde: "Sarmad, ṣé kí n ju okùn sí ọ?"

"Lọ fi so sòkòtò rẹ!" ni mo dá a lóhùn. A fò kọjá lára rẹ̀. Àwọn igi páìnì ń sá sẹ́yìn bí ẹni jẹ gbèsè.

Kùrukùru bò wá ní ìdajì òkè. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fà tìkọ̀. Ó súfèé, ó gbọ̀n, ó kú pátápátá.

Daud di ilẹ̀kùn mú. "Ẹ jẹ́ kí n sọ̀ kalẹ̀ tì í."

"Ẹ má dán an wò!" Sarmad kígbe. Kùrukùru ti ká kúrò; láti orí ògiri ilé-ìwé lókè, àwọn ọmọbìnrin ń wò wá.

"Màdáámù ní ká má tì í," mo ní. "Kò ní ká má wò ó." Mo bọ́ sílẹ̀, mo ṣí bónẹ́ẹ̀tì.

Ẹnu yà mí. Aṣọ dúdú kan wé fítà mi yíká-yíká, ìkùukùu ti rin ín gbingbin, ẹ́ńjìnnì sì ti fà á lẹ̀ mọ́ra bí ẹni fi ìrọ̀rí bo èèyàn nímú. Irú aṣọ tí gbogbo ọkọ̀ ìlú wa ń so nítorí ojú burúkú àwọn onílara ni, ṣùgbọ́n ara bọ́ńpà ni wọ́n ń so ó sí.

"Ta ló so èyí?"

"Èmi ni," ìyá Sarmad ní. "Ẹ gbé nǹkan pupa tó ń dán bẹ́ẹ̀ sínú ọkọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ ní ìhòòhò! Ìgbà tí ẹ ń mu tíì ni mo lọ so ó."

"Màmá, imú rẹ̀ lẹ so!"

"Ṣé mo mọ̀ pé imú ni? Mo rò pé adé ni!" Ohùn rẹ̀ yí padà. "Áà, èmi fúnra mi ni mo fẹ́ lé ọmọ mi lọ sí Dubai."

Sarmad ò bínú. Ó fún aṣọ náà gbẹ, ó lọ so ó mọ́ bọ́ńpà. "Ìyá mi, ibí ni ojú burúkú á ti kọ́kọ́ rí i." Ìyá yọ orí, ó wò ó, ó ní kó tún kókó rẹ̀ so. Ó tún un so.

Ó padà sídìí ọkọ̀, ó ṣíná. Nígbà tó tú bíréèkì ọwọ́, ọkọ̀ yọ̀ sẹ́yìn díẹ̀, Daud sì ka gbogbo àdúrà tó mọ̀ àti èyí tí kò mọ̀. Lẹ́yìn náà ni imú tuntun fa atẹ́gùn òkè sínú, tútù bíi yìnyín, ọkọ̀ sì gbéra. Kò fò o, mi ò ní parọ́ èyí. Ó ń rìn, ó ń rìn, kò dúró, títí a fi dé ẹnu géètì.

Màdáámù Nighat ti ń dúró. "Mo rí i tí ọkọ̀ yín kú lọ́nà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màdáámù," Sarmad ní. "Aṣọ ló dí i nímú. A ti tú u."

"Ṣé ẹnì kankan tì í?"

"Ráárá!" ni àwọn ọmọbìnrin ké láti orí ògiri.

Ó wo aṣọ dúdú ara bọ́ńpà, ó wo ìyá Sarmad, ó fi ìborí bo ẹ̀rín. "Ọjọ́ Mọ́ńdè. Kí o tètè dé."

Níbẹ̀ náà ni Sarmad ti pe aṣojú Dubai lórí fóònù. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kí i lọ́wọ́. Ìyá rẹ̀ já fóònù gbà.

"Ẹ fi àyè náà fún ẹlòmíràn," ó ní. "Ọmọ mi ti ríṣẹ́ olùkọ́."

"Ìyá mi, awakọ̀ ni."

"Ṣé kì í ṣe ilé-ìwé lo ó máa lọ láràárọ̀ ni?"