Àlejò Onírun

"Ṣé nǹkan yìí ló wà nínú mi?"

Hàbíbátù kò fọwọ́ kan fọ́tò tí dókítà gbé síwájú rẹ̀. Òkèèrè ló ti ń wò ó, bí ẹni tó bá paramọ́lẹ̀ lórí ẹní. Nǹkan ọ̀hún rí bíi kóró ìrẹsì, irun sì hù yí gbogbo ara rẹ̀ ká, irun tó dìde ṣánṣán bíi ti ológbò tó rí ajá. Kò lójú, kò lẹ́nu. Síbẹ̀, ó dá Hàbíbátù lójú pé ó ń wo òun.

"Ìbátan rẹ̀ ni, Ìyá," Dókítà Ọmọ́wùnmí dá a lóhùn. "Tiyín kéré débi pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn lè jókòó sórí abẹ́rẹ́, kí àyè ṣì ṣẹ́kù fún àlejò."

Ó wá ṣàlàyé pé irun yẹn kì í ṣe irun lásán. Ẹ̀dá náà ló ń ṣe nǹkan kéékèèké bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí jáde lára rẹ̀, á máa sín ọ̀kan mọ́ èkejì, á sì lọ́ ọ bí okùn. Ṣóńṣó okùn náà ni ọwọ́ wà. Bí kọ́kọ́rọ́ ṣe ń wọ àgádágodo tirẹ̀ nìkan ni ọwọ́ ọ̀hún ṣe ń wọ ara ìfun. Tó bá ti wọ̀ ọ́, ó di mímú gbágbá, bí èèmọ́ àgbò ṣe ń lẹ̀ mọ́ aṣọ ẹni tó gba inú igbó kọjá. Ọbẹ̀ á ṣàn kọjá, ẹ̀bà á ṣàn kọjá, òun ò ní í ṣípò.

"Kí ló dé tí kò fi dùn mí?"

Dókítà gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. "Ibi tó burú sí nìyẹn, Ìyá. Ó ti bá yín mọwọ́. Ẹlòmíì ló ń pa."

Ó ní ìgbẹ́ ló máa ń bá jáde, á wá lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ọwọ́ á sì gbé e fún oúnjẹ. Ó kó oògùn fún un. Ó kìlọ̀ pé títí òun yóò fi tún un yẹ̀ wò, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ jẹ.

Oúnjẹ tó ń sè fún àwọn bíríkìlà ló gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ọdún owó Údójì ni, èyí tí ìjọba fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́. Owó pọ̀ nígboro débi pé ó kù díẹ̀ kí ewúrẹ́ Ìkòtún máa wọ bàtà garantí onígìgísẹ̀ gogoro, gbogbo ẹni tó ní ilẹ̀ tó fẹ̀ tó ẹní sì ń kọ́ ilé alájà lé e. Festus, kọngílá kan, ń kọ́ ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, Hàbíbátù sì ń bọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Àfi bí ibà jẹ̀funjẹ̀fun ṣe wọ àárín wọn. Èyí tó sígbọnlẹ̀ jù nínú wọn, tó máa ń há búlọ́ọ̀kù sábíyá bí ẹni há adìyẹ, rọ sílẹ̀ bí aṣọ tó bọ́ sómi. Wọ́n sin ín. Ẹ̀rù ba Festus, ló bá ní kí gbogbo wọn lọ ṣe àyẹ̀wò, títí kan ẹni tó ń se oúnjẹ wọn. Hàbíbátù, tí orí kò fọ́ rí nínú gbogbo wọn, ni wọ́n bá a lára rẹ̀.

Nígbà tó ń padà sílé lẹ́bàá ọ̀nà Ẹgbẹ́dá, ọkàn rẹ̀ kò yéé ka ilé tó ti gbé. Ó gbé ilé onílé kan tó ń jẹ́ Àmúsà ní Ìgándó, ibà wọ ilé, àwọn ọmọ Àmúsà dùbúlẹ̀. Ó kó lọ sí Ayọ̀bọ̀, ibà tún débẹ̀. Òun nìkan ni kò ṣe nǹkan kan. Nígbà náà, ó ní Ọlọ́run ló ṣọ́ òun. Ó se ẹ̀wà, ó ṣe ṣàráà láti fi dúpẹ́, ó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu ú fún gbogbo ilé.

Ó wo ọwọ́ náà. Ó tì í bọ abẹ́ ìborùn.

Síbẹ̀, nígbà tó délé, ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ ló ju oògùn sí. Kí ni ẹni tára rẹ̀ le koko fẹ́ fi oògùn ṣe? Ọmọdé ni dókítà yẹn jàre, ìwé ló kà jù. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, tó bá gbé òkèlè mì, á dà bí ẹni pé ẹnì kan tẹ́wọ́ gbà á nísàlẹ̀. Tó bá jókòó jẹ́ẹ́, ikùn rẹ̀ á dákẹ́ bí yàrá tí èèyàn sá pamọ́ sí.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni Sìkírátù, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, bí ọkùnrin fún Báyọ̀ ọkọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ìyá tó bí abiyamọ ló ń wẹ ọmọ, òun ló sì ń rọ ọ́ lágbo. Kò sí ẹni tó ń bá a du iṣẹ́ yẹn. Láàárọ̀ ìkómọ ni Hàbíbátù dé ilé Báyọ̀, wọ́n sì gbé omi àti àgbo síwájú rẹ̀. Gbogbo ilé pé lé e lórí. Ó tẹ́ ọmọ sórí itan, ó ká àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bí ife, ó gbé e sí ẹnu ọmọ, ó bu àgbo sí i.

Ọmọ náà la ẹnu. Ẹnu kékeré, pupa, tó ń tàn.

Ìgbà náà ni nǹkan yí nínú ikùn Hàbíbátù, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó gbọ́ ohùn ará ilé tuntun, tó ń yíjú sí i.

Ó da àgbo ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Morónkẹ́, ìyá Báyọ̀, rẹ́rìn-ín. "Ìyá Sìkírá, ṣé ọwọ́ yín ti gbàgbé iṣẹ́ ni, àbí owó Údójì ti sọ yín di màdáámú? Ẹ rọ ọmọ fún wa ṣá."

"Ẹ gbà á lọ́wọ́ mi, Ìyá Báyọ̀."

"Kí n gba kí ni?"

"Èmi ni mo kó ibà bá àwọn bíríkìlà Ìkòtún. Èmi náà ni ní Ìgándó, àti ní Ayọ̀bọ̀. Nǹkan kan wà nínú mi. Kì í bá mi jà."

Ẹ̀rín gbẹ lójú ilé. Morónkẹ́ rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé ẹ ń jẹ́wọ́ ni?"

Hàbíbátù mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí. Ó mọ ohun tí wọ́n máa ń ṣe fún obìnrin tó bá jẹ́wọ́. Ó lè ní dókítà ló sọ ọ́, kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé irun àti ìlẹ̀kẹ̀ àti kọ́kọ́rọ́. Ta ni yóò gbà á gbọ́?

"Ẹ pè é bí ẹ bá ṣe fẹ́," ó ní. "Ẹ sáà má jẹ̀ẹ́ kí ọwọ́ mi kan ẹnu ọmọ."

Morónkẹ́ gba ọmọ, ó sì fẹ̀yìn rìn títí ó fi kan ògiri. Sìkírátù nìkan ni kò mira. Ó ń wo ìyá rẹ̀, omijé lójú.

"Ọmú nìkan ni kó máa mu, Sìkírá," Hàbíbátù sọ fún un. "Tìrẹ nìkan."

Ó dìde. Wọ́n yà fún un lọ́nà, ọ̀nà tó fẹ̀ ju èyí tí èèyàn kan nílò lọ, bí ẹni pé wọ́n ń yà fún èèyàn méjì. Nígbà tó dé yàrá rẹ̀, ó tú àpótí aṣọ dé ìsàlẹ̀, ó yọ oògùn, ó gbé e mì láìtiẹ̀ wá omi. Ó jókòó sórí ẹní, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé ikùn, ó sì ń dúró de èyí tí yóò kọ́kọ́ kó jáde nínú ilé náà, òun tàbí àlejò inú rẹ̀.