Ohùn Tó Mú Rasheedah Wọ Mọ́tò

Láti ọjọ́ tí trotro, bọ́ọ̀sì akérò Accra, tí Rasheedah wọ̀ ti dojú dé lójú ọ̀nà Tema ni kò ti wọ mọ́tò mọ́. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn lọ sí ìsọ̀ aṣọ rẹ̀ ní Lapaz. Ọkọ rẹ̀, Mùnírù, tó ń ta páàtì mọ́tò ní Abossey Okai, bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ṣèlérí pé òun kò ní sáré. Rasheedah á fọwọ́ kan ilẹ̀kùn mọ́tò, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, á padà sílé.

Afua, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló júwe Olúbáyọ̀ fún un, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Accra. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa fi ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ mú ọkàn ènìyàn wọ ìsinmi jíjinlẹ̀, kí ìbẹ̀rù lè tú níbẹ̀. Hipnotẹ́rápì ni wọ́n ń pè é.

"Ìgbà mélòó ni yóò wá kó tó jẹ́?" Mùnírù bi Olúbáyọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, kò dọ́gba. Ẹlòmíràn, ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin. Ẹlòmíràn á pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti ẹlòmíràn kì í tilẹ̀ jẹ́ rárá."

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn dùn mọ́ Mùnírù nínú, kò mọ ìdí. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀mejì tí ohunkóhun kò yí padà, ó ní, "Ṣebí mo sọ pé kò ní jẹ́."

Lẹ́yìn ìgbà kẹrin, Rasheedah dédé yọ sí Mùnírù ní ìsọ̀ páàtì rẹ̀. Trotro ló wọ̀ wá. Òógùn bò ó, ó ń rẹ́rìn-ín. Mùnírù náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nǹkan kan ta á láyà bí ata. Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀bẹ̀ òun! Ọkùnrin kan kàn ní kó dijú, ó sì tán?

"Kí ló sọ fún ẹ gan-an?"

"Ó ní kí n máa mí díẹ̀díẹ̀ ni, Bàbá Zàíd. Ó gba ohùn rẹ̀ sínú fóònù mi, mò ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́. Ohùn rẹ̀ tutù."

Ohùn rẹ̀ tutù. Gbólóhùn yẹn bá Mùnírù jẹun, ó bá a kírun. Nígbà tí Rasheedah wọ ilé ìwẹ̀, ó mú fóònù náà, ó pa ohùn náà rẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, ó ń retí kí ẹ̀rù tún ba ìyàwó rẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, Rasheedah sọ̀ kalẹ̀ nínú trotro níwájú ìsọ̀ rẹ̀, ó gbé wàákyé, ìrẹsì àti ẹ̀wà, lọ́wọ́ fún un. Mùnírù kò lè pa á mọ́ra mọ́.

"Èmi ni mo pa ohùn yẹn rẹ́."

"Mo mọ̀. Mo ti ní kí Olúbáyọ̀ fi òmíràn ránṣẹ́." Ó tẹjú mọ́ ọn. "Bàbá Zàíd, ohùn lẹ̀ ń jowú?"

"Àìmọye ìgbà ni mo bẹ̀ ẹ́!"

"Ẹ bẹ̀ mí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń ba ẹ̀yin náà nígbà tí ẹ ń bẹ̀ mí. Mo ń rí i lójú yín."

Nígbà tí wọ́n pa ìsọ̀ dé, Rasheedah wọ mọ́tò ọkọ rẹ̀, ó ki ohun ìgbọ́ràn bọ etí. Mùnírù fẹ́ sọ̀rọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, mò ń gbọ́ ohùn náà."

Mùnírù rọra ń wa mọ́tò lọ, ó ń wo bí èjìká ìyàwó rẹ̀ ṣe ń rọ̀ fún ọ̀rọ̀ tí òun kò gbọ́.