Omi tó Gba Ojú Adébíyìí

Lọ́dún 1994, nígbà tí òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ tí ọyẹ́ kò sì tíì dé, Adébíyìí sọ fún ìyàwó rẹ̀ àti ọmọbìnrin rẹ̀ pé òun fẹ́ kí wọ́n mú òun lọ sí ìdí omi kan tó ń já láti orí àpáta lápá Kafanchan. Inú pálọ̀ wọn ní Barakallahu, nílùú Kaduna, ló ti sọ ọ́, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ohùn rẹ̀ kò sì ga. Wosilat, ìyàwó rẹ̀, gbé àwo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní òun kò gbọ́ ohun tó sọ.

Ó gbọ́ dáadáa. Kò sí ibi tó kórìíra láyé tó ibẹ̀.

Iṣẹ́ ìjọba ni Adébíyìí ṣe títí tó fi fẹ̀yìn tì. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló máa ń rin àwọn odò ìpínlẹ̀ Kaduna kiri, tí wọ́n ń wọn bí omi ṣe jìn tó àti bó ṣe ń yára ṣàn, kí àwọn ẹnjiníà lè mọ ibi tí afárá yóò gbà. Nínú gbogbo odò náà, èyí tó ń já sínú ọ̀gbun láàárín òkè àti igbó lẹ́yìn Kafanchan ló wù ú jù. Bí iṣẹ́ bá parí, á tún jókòó síbẹ̀, á máa wò ó. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni Wosilat ń gbé oúnjẹ rẹ̀ kalẹ̀ dè é títí oúnjẹ náà yóò fi tutù.

Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn nígbà yẹn pé àwọn eṣinṣin dúdú wẹ́wẹ́ tó ń jẹ wọ́n lẹ́sẹ̀ létí odò ń fi àrùn sí wọn lára. Ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń yún un, tó fi ń họ ọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Nígbà tí wọ́n fi máa dé ọ̀dọ̀ dókítà ojú, èyí tó ti bàjẹ́ kò ṣeé tún ṣe mọ́. Dókítà ní oògùn oníhóró kan ti wà báyìí tó lè dá àrùn náà dúró lára, ṣùgbọ́n kò lè dá ojú padà. Ó ní ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tó kù náà yóò máa lọ díẹ̀díẹ̀.

Morọ́láyọ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, tó ń ṣe tíṣà nílé ìwé kan láàárín ìlú, bi bàbá rẹ̀ léèrè ohun tó fẹ́ lọ ṣe níbi tó sọ ọ́ di báyìí.

"Mo fẹ́ fi èyí tó kù rí i," ni Adébíyìí wí. "Bó bá fi máa di òjò tó ń bọ̀, mi ò mọ̀ bóyá màá ṣì lè rí nǹkan kan."

Wosilat sọ pé ọ̀nà jìn. Ó sọ pé ìjà tó bẹ́ sílẹ̀ láàárín Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì lápá ibẹ̀ lọ́dún méjì sẹ́yìn kò tíì kúrò lọ́kàn ẹnikẹ́ni, àti pé ìdílé Mùsùlùmí tó bá ní làákàyè yóò jókòó sílé rẹ̀. Adébíyìí kò bá a jiyàn. Ó kàn gbé àga sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó kọjú sí ibi tí oòrùn ti ń wọlé. Ibẹ̀ ló ń jókòó sí lójoojúmọ́ títí ọ̀sẹ̀ fi parí. Morọ́láyọ̀ ni kò lè fara dà á mọ́. Ó sọ fún un pé kó múra fún ọjọ́ Sátidé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, bí òun àti bàbá rẹ̀ ṣe ń bọ̀ ní ẹnu ọ̀nà, wọ́n bá Wosilat lórí ìdúró. Ó ti wọṣọ. Ó ti gbé báàgì kọ́ èjìká, ó fi ìborùn kan bo orí, ó fi òmíràn kọ́ ọrùn, búútà tí Adébíyìí fi ń ṣe àlùwàlá sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má bi òun ní nǹkan kan.

Wọ́n wọ mọ́tò dé gáréèjì Sabon Tasha, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí èyí tó ń lọ sí Kafanchan. Nígbà tí wọ́n kọjá Kachia tí òkè bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́ọ̀ọ́kán, Morọ́láyọ̀ sọ fún bàbá rẹ̀. Adébíyìí bi í bóyá ìkùukùu wà lórí wọn. Ó ní ó wà. Bàbá náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní a jẹ́ pé omi pọ̀ lódò.

Abúlé Ernest ni wọ́n kọ́kọ́ yà sí. Ọmọ ibẹ̀ ni Ernest, òun àti Adébíyìí ni wọ́n jọ ń ki ọ̀pá ìwọn bọ omi nígbà tí wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́. Ojú tirẹ̀ kan ti fọ́, ìkejì ṣì ríran. Ó ń pe "Malam Biyi, Malam Biyi," ó sì di Adébíyìí mú, kò tètè fi í sílẹ̀. Èdè Hausa ni gbogbo wọn jọ ń sọ. Ernest ròyìn pé àwọn tó ń gbé létí odò ti kó ilé wọn gòkè, pé àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń gbé oògùn oníhóró náà wá lọ́dọọdún, tọmọdé tàgbà ló sì ń lò ó. Ó ní àwọn ọmọdé kì í họ ara mọ́ bíi ti àtijọ́.

Ìgbà náà ni Wosilat la ẹnu fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò nílé. Ó bi í bóyá àwọn eṣinṣin náà ṣì wà níbẹ̀.

Ernest dáhùn pé wọ́n wà, pé kí wọ́n bo apá àti ẹsẹ̀ wọn dáadáa.

Ernest ṣáájú, Adébíyìí gbé ọwọ́ lé èjìká ọmọ rẹ̀, Wosilat ń tẹ̀ lé wọn. Ọ̀nà náà gba inú igbó sọ̀ kalẹ̀ láàárín òkúta, ilẹ̀ tutù, ó ń yọ̀. Wọn kò tíì rìn jìnnà tí wọ́n fi ń gbọ́ ariwo omi. Bí ariwo náà ṣe ń pọ̀ sí i ni ẹsẹ̀ Adébíyìí ń yá sí i, débi tí Morọ́láyọ̀ fi ní láti bẹ̀ ẹ́ kó rọra. Lẹ́yìn náà igbó tán, wọ́n bọ́ sí etí ọ̀gbun, omi sì fọ́n sí wọn lójú.

Adébíyìí dúró. Ó gbé orí sókè. Ó yí ojú sí òsì, ó yí i sí ọ̀tún, bí ẹni tó ń wá èèyàn rẹ̀ láàárín èrò.

"Ṣé a ti dé ni?" ló bèèrè.

Omi náà wà níwájú rẹ̀ gan-an. Morọ́láyọ̀ wo ojú bàbá rẹ̀. Ernest sì wo ilẹ̀.

"A ti dé," ni Wosilat dáhùn. "Iwájú yín ló wà."

Adébíyìí mi orí. Ó ní òun ti rò pé nítorí pé ó funfun, òun á rí i fírífírí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Wosilat, sọ bó ṣe rí fún mi."

Wosilat sún mọ́ etí ọ̀gbun náà, ó wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Àpáta dúdú ni, ó ga," ló wí. "Omi ń gba àárín rẹ̀ bọ̀. Lókè pátápátá, ẹ ó rò pé jẹ́ẹ́jẹ́ ló ń bọ̀. Ìgbà tó bá dé ibi tí àpáta ti yọrí síta ló ń fọ́nká, tó ń funfun bí òwú. Mi ò rí ìsàlẹ̀, omi tó ń rú bí èéfín ló bò ó. Àwọn igi tó wà létí rẹ̀ ń mì, bẹ́ẹ̀ atẹ́gùn ò fẹ́." Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Láti ìgbà tí dókítà ti sọ̀rọ̀ ni mo ti ń rò ó pé ibi burúkú ló máa jẹ́. Mo fẹ́ kó burú. Kò burú, Bàbá Morọ́láyọ̀. Ó rẹwà."

Ohùn rẹ̀ já níbẹ̀. Adébíyìí na ọwọ́, ó ń wá a títí ó fi rí ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó sì dì í mú.

Nígbà tí àkókò ìrun àìlà tó, ó ní òun fẹ́ kírun níbẹ̀. Morọ́láyọ̀ pọn omi odò sínú búútà, ó ń dà á sí i lọ́wọ́ bó ṣe ń ṣe àlùwàlá. Ernest fi àpáta kan tó tẹ́jú hàn wọ́n, ó sì yí ọ̀rẹ́ rẹ̀ sí apá ìlà-oòrùn.

Adébíyìí ṣẹ̀ṣẹ̀ kábàrá, tó bẹ̀rẹ̀ ìrun, ni Wosilat rí eṣinṣin kékeré kan tó bà lé e lọ́rùn. Ó rí òmíràn ní gìgísẹ̀ rẹ̀. Ó tú ìborùn tó fi kọ́ ọrùn sílẹ̀, kò yọ ti orí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi fẹ́ atẹ́gùn sí ọkọ rẹ̀ kí wọ́n lè fò lọ. Bó bá dúró, á fẹ́ ẹ lẹ́yìn ọrùn. Bó bá forí kanlẹ̀, á bẹ̀rẹ̀, á máa fẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀. Omijé ń dà lójú rẹ̀, kò sì nù ún, nítorí ọwọ́ rẹ̀ kò sinmi. Morọ́láyọ̀ mọ̀ pé eṣinṣin kò tún lè gba nǹkan kan lójú tó ti lọ. Títí Adébíyìí fi sálámà, tí ìrun parí, ni Wosilat ń fẹ́ ẹ.

Nígbà tí wọ́n ń padà, Wosilat jókòó ti ọkọ rẹ̀ nínú mọ́tò. Wọ́n ti fi Kafanchan sílẹ̀ tipẹ́ kó tó bi í léèrè bí èèyàn ṣe ń wọn omi tí kì í dúró. Kò bi í ní irú rẹ̀ rí, láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra wọn. Adébíyìí yíjú sí i. Ó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ki ọ̀pá bọ odò, bí ẹni kan á ṣe di okùn mú ní òdìkejì, àti bí Ernest ṣe fẹ́ bómi lọ lọ́jọ́ kan. Ó ń sọ ọ́ lọ, Wosilat sì ń bèèrè òmíràn, títí wọ́n fi wọ Sabon Tasha.

Ìmọ́lẹ̀ tó kù lójú Adébíyìí lọ kí òjò ọdún kejì tó bẹ̀rẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kan ló sọ fún wọn pé òun kò mọ ibi tí fèrèsé wà mọ́. Wosilat mú un lọ́wọ́, ó mú un dé ìdí àga rẹ̀, ó sì jókòó tì í.