Gàrí Àmúdà

Nígbà tí Abọ́dúndé fi máa fa Àmúdà dé ìta gbangba, ojú rẹ̀ ti pọ́n kuku, kò sì mí mọ́. Olúṣínà, máníjà ilé àyẹ̀wò òkúta náà, dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó fi áńkáṣíìfù bo imú.

“Kí ló jẹ láàárọ̀?”

“Ó rẹ gàrí mu, ọ̀gá.”

Olúṣínà mi orí bí ẹni tó rí ohun tó ń wá.

Abọ́dúndé mọ ohun tó pa ọ̀rẹ́ rẹ̀. Òkúta tí àwọn awakùsà ń kó wá sí Accra ni wọ́n máa ń lọ̀ kúnná, wọn á pò ó mọ́ omi, wọn á fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i títí yóò fi hó bí omi ọṣẹ. Òjé inú òkúta á bá ìfófòó gòkè. Kí síǹkì, irin mìíràn tó wà nínú òkúta náà, má bàa bá a gòkè ni wọ́n ṣe ń da sáyánáìdì sí i. Májèlé ni, òun ló ń mú síǹkì mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n omi náà gbọ́dọ̀ ní láìmù, ìyẹ̀fun funfun bí ẹfun, torí láìsí láìmù, sáyánáìdì á di afẹ́fẹ́ olóró. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, láìmù ti tán. Àmúdà sọ bẹ́ẹ̀. Olúṣínà ní ẹni tó ni òkúta ń dúró de èsì, kó máa bá iṣẹ́ lọ.

Dókítà kọ́kọ́ sọ pé sáyánáìdì ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ òkú. Lẹ́yìn tí òun àti Olúṣínà ti jọ wọ yàrá sọ̀rọ̀, ó wá ṣàlàyé fún ẹbí pé irú májèlé yẹn wà nínú ẹ̀gẹ́, pé gàrí tí wọn ò bá fún omi rẹ̀ dáadáa lè pa ènìyàn.

Adéníkẹ́, ìyàwó Àmúdà, ló ń ta gàrí ní Lagos Town, àdúgbò àwọn Yorùbá ní Accra.

Wọ́n fi Abọ́dúndé sípò Àmúdà. Òun náà ló ṣojú ilé iṣẹ́ nígbà tí Fàrúkù, ẹ̀gbọ́n olóògbé, pe ìpàdé ẹbí. Fàrúkù ní ọkùnrin tó jí pépé kì í ṣubú kú lásán, àti pé láti ìgbà tí àbúrò òun ti kọ́ yàrá tí wọ́n ń gbé ni ojú obìnrin yìí ti wà lára ilé náà.

Adéníkẹ́, tó ṣì wà nínú opó, kò bá a jiyàn. Abọ́dúndé ló kọjú sí.

“Ẹ̀yin lẹ jọ ń ṣiṣẹ́. Ṣé gàrí ló pa á?”

Abọ́dúndé wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní dókítà ló mọ̀.

Obìnrin náà wọlé, ó wọ́ àpò tó ti bu gàrí fún ọkọ rẹ̀ jáde. Ó rẹ abọ́ kan lójú gbogbo wọn, ó mu ún tán, ó sì jókòó. Wọ́n ń wò ó. Àwọn ọkùnrin lọ kírun Àsárì, wọ́n padà wá bá a níbi tó jókòó sí, ara rẹ̀ le koko.

Fàrúkù rẹ́rìn-ín.

“Ṣé ẹ ti rí i? Ẹni tó po májèlé ló mọ ẹ̀rọ̀ rẹ̀.”

Àwọn àgbà mi orí. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti kó ẹrù rẹ̀ síta. Abọ́dúndé bá a gbé àpò gàrí dé ẹ̀gbẹ́ títì, ó ní kí Ọlọ́run tù ú nínú, ó sì wọ ọkọ̀ èrò tírótírò lọ sílé.