Ìlú Abẹ́ Òkun Tí Ìyá Wàhábì Rí

Ẹ má bi mí bóyá mo sunkún lọ́jọ́ tí òkun gbé ọkọ mi. Gbogbo Ànàgókọ́mé, àdúgbò àwa Yorùbá ní Lomé, ló ti bi mí, ó sì ti sú mi. Mi ò sunkún. Mo se ọbẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo sì jẹ ẹ́. Àfi bí ẹni pé obìnrin mìíràn tó ń jẹ́ Sàrátù ni wọ́n gbé ìròyìn náà wá fún, tí wọ́n ṣì í gbé sọ́dọ̀ mi.

Wọ́ọ̀fù ni Wàhábì ti ń ṣiṣẹ́, afárá irin gígùn tí àwọn Faransé nà wọ inú òkun, torí pé ọkọ̀ ńlá ò lè sún mọ́ etíkun Lomé. Ọkọ̀ ńlá á dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ọkọ̀ kékeré á lọ kó ẹrù rẹ̀ wá sábẹ́ wọ́ọ̀fù, wọ́n á wá fi okùn àti irin fà á sókè. Wàhábì ló máa ń dúró nínú ọkọ̀ kékeré láti fi ìkọ́ kọ́ ẹrù. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ìgbì gba ọkọ̀ kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì bọ́ sómi. Àwọn ọkùnrin méjì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ rí i tó rì. Wọ́n wá a títí dé ọ̀nà Anécho, òkú ò jáde.

Ààfáà Àlàbí ní ẹni tí ẹlẹ́rìí méjì bá rí tí omi gbé e, ó ti kú nìyẹn. Ó ní kí á ṣe fìdáù rẹ̀, kí èmi sì jókòó ṣe opó. Ọ̀rọ̀ tó mọ́gbọ́n dání ni. Ṣùgbọ́n Ìyá Wàhábì, ìyá ọkọ mi tó bá wa ti Ìtakẹ́tẹ́ wá sí Lomé, fárígá pátápátá.

"Ta ló kú?" ló wí. "Òkú dà? Ẹ ò fi òkú hàn mí, ẹ ní kí n wá jókòó fìdáù. Àbí fìdáù alààyè lẹ máa ń ṣe ní Lomé níbí?"

Ààfáà ò lè ṣe é lé e lórí, torí òun ló bí ọmọ. Bí mo ṣe wà láàárín méjì nìyẹn. Mi ò lọ́kọ, mi ò sì jẹ́ opó. Bí mo bá wọ aṣọ tó dáa, àwọn obìnrin á máa yọ ṣùtì sí mi. Bí mo bá wọ dúdú, ìyá ọkọ mi á ní mo fẹ́ fi aṣọ pa ọmọ òun. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń fẹ́ láyé nígbà náà: kí wọ́n ṣe àdúrà fún ọkùnrin yẹn, kí n lè jókòó sínú yàrá bí opó ṣe ń jókòó, bóyá ohun tó dì sí mi láyà bí epo inú ọyẹ́ á yọ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí wọn ò bá tètè ṣe é, bí mo ṣe máa wà títí láé nìyẹn.

Iṣẹ́ àpò rírán ni mò ń ṣe. Sítọ́ọ̀ ará Síríà kan ni èmi àti Èjìdé, ọ̀rẹ́ mi, ti ń rán àpò ẹ̀pà tó bá ya. Ní àkókò yẹn, abẹ́rẹ́ á gún mi, màá ti rí ẹ̀jẹ̀ lára àpò kí n tó mọ̀. Inú sítọ́ọ̀ yẹn náà ni ará Síríà ti máa ń fi sinimá hàn ní ọ̀sán Ọjọ́ Àìkú. Wọ́n á fi àpò wa dí fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ má wọlé, wọ́n á ta aṣọ funfun sí ògiri. Sinimá ìgbà yẹn ò ní ohùn. Ẹnu àwọn ènìyàn inú rẹ̀ á máa mì, lẹ́yìn náà ni ìwé Faransé á jáde lára aṣọ, tí ẹni tó mọ̀wé á kà á fún àwa tí a ò mọ̀ ọ́n. Àwọn Mina, ará etíkun ibẹ̀, wà lápá òsì, wọ́n ní akàwé tiwọn. Àwa Ànàgó wà lápá ọ̀tún, Gabriel ló ń kà á fún wa. Ọmọ Atakpamé ni, akọ̀wé, àwọn Fadá ló kọ́ ọ. Èdè Ifẹ̀ ti ọ̀dọ̀ wọn lọ́hùn-ún, tó jọ tiwa, ló ń sọ, bí ẹni fi iṣu gbígbóná sẹ́nu, a sì máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n a gbọ́ ọ.

Èjìdé ló ní, "Sàrátù, mú ìyá ọkọ rẹ wá wo sinimá, kí ojú rẹ̀ lè là díẹ̀." Mo mú un lọ. Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá mú un lọ ra ata.

Sinimá ìlú abẹ́ òkun ni wọ́n fi hàn lọ́jọ́ náà. Gabriel dìde, ó kà á: "Wọ́n ní ìlú kan wà nígbà láéláé, ìlú olówó, ìlú ọlọ́gbọ́n. Òkun bò ó mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú náà ò kú o." Òyìnbó kan dé ìkòkò irin sórí, wọ́n fi okùn sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sínú òkun, àfi bí ó ṣe bá títì nísàlẹ̀ níbẹ̀, àti òpó òkúta, àti ọba onírùngbọ̀n lórí ìtẹ́, tí ẹja ń gba ojú fèrèsé rẹ̀ kọjá.

"Yéè! Ààfin Olókun rèé!" Obìnrin kan lẹ́yìn wa ló pariwo.

"Dákẹ́ ọ̀rọ̀ kèfèrí," Ìyá Wàhábì dá a lóhùn.

Lẹ́yìn náà àwọn aláàárù jáde. Ènìyàn dúdú ni wọ́n, apẹ̀rẹ̀ wà lórí wọn, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn wọ ààfin. Mo ní hẹ̀n-ẹ́n, abẹ́ òkun náà rèé, àwa náà la tún ń ru ẹrù. Ibi tí mo ti ń sọ ọ́ nínú ara mi ni ìyá ọkọ mi ti di apá mi mú.

"Sàrátù. Wo ẹni tó kẹ́yìn yẹn."

"Kí ló ṣe, Ìyá?"

"Wo èjìká rẹ̀."

Èjìká òsì ọkùnrin náà rẹlẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ. Bí ti Wàhábì náà ṣe rí nìyẹn, ẹrù ló tẹ̀ ẹ́ láti kékeré. Apẹ̀rẹ̀ ṣíji bo aláàárù náà lójú, ó gba ẹnu ọ̀nà ààfin wọlé, kò sì jáde mọ́. Gabriel ní apá kejì ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ìyá Wàhábì ò tíì délé tó ti ń pe gbogbo agboolé jọ. Ó ní òun ti rí ọmọ òun, iṣẹ́ ló ń ṣe níbi tó wà, kò gbàgbé iṣẹ́. Wọ́n ránṣẹ́ pe Ààfáà.

"Ìyá," ni Ààfáà wí, "eré òyìnbó ni wọ́n ń pè ní sinimá."

"Fọ́tò ni," ni ìyá ọkọ mi wí. "Fọ́tò tó ń rìn ni. Fọ́tò kì í sì í ya ohun tí kò sí. Ẹ̀yin náà ya fọ́tò fún ìwé ìrìnnà yín, Ààfáà. Ṣé orí ewúrẹ́ ló yà sí yín lọ́rùn?"

"Rárá o, Ìyá, ṣùgbọ́n..."

"Àbí ẹ bi ara yín léèrè ìdí tí a ò fi gbọ́ ohùn wọn? Ẹnu wọn ń mì, wọ́n ń sọ̀rọ̀, a ò gbọ́ nǹkan kan. Kí ló fà á? Omi ni! Ẹ ti orí yín bọ garawa omi, kí ẹ pè mí láti inú ibẹ̀, ká wò ó bóyá màá gbọ́."

Ààfáà kó tẹ̀sùbáà rẹ̀, ó dìde. Kí lèèyàn fẹ́ sọ sí ìyẹn? Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i pé àwọn mìíràn ti ń ronú sí i. Jimọ̀ tí wọ́n tún dá fún fìdáù kọjá lọ bẹ́ẹ̀.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bu oúnjẹ ọmọ rẹ̀ sọ́tọ̀. Tálẹ́ bá lẹ́, tí ó rí i pé kò dé, á gbé e fún adìẹ. Ó ní kí n tẹ́ ẹní Wàhábì, kí n nu bàtà rẹ̀, kí ọkọ mi má báa wá bá ilé ní rúdurùdu. Mo tẹ́ ẹní. Mo nu bàtà. Inú mi ò dùn, inú mi ò sì bàjẹ́, mo ń ṣe é bí ẹni ń ṣe iṣẹ́ àlejò.

Nígbà tó ku ọ̀la kí á wo apá kejì, mo lọ bá Gabriel ní ìloro ilé rẹ̀.

"Fòfó Gabriel," ni mo wí, torí bí a ṣe ń pe ọkùnrin pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ní Lomé nìyẹn, bí wọ́n ṣe ń pe obìnrin ní Dàvi, "ṣé ẹ lè ka ohun tí kò sí nínú ìwé?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Dàvi, ṣé ẹ rò pé gbogbo èyí tí mò ń kà ló wà níbẹ̀? Bó bá gùn jù, mo máa ń gé e. Bí ẹ bá ń tòògbé, mo máa ń fi tèmi kún un."

Mo wá sọ ohun tí mo fẹ́ fún un. Bí aláàárù yẹn bá jáde lọ́la, kó sọ pé ó ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Kó sọ pé ẹni tó bá wọ ìlú yẹn kì í padà wálé mọ́, kí ìyá òun jẹ́ kí wọ́n ṣe fìdáù òun.

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Gabriel. "Ẹ fẹ́ kí n fi òkú purọ́ fún ìyá rẹ̀?"

"Irọ́ ló gbé e lọ síbẹ̀. Irọ́ náà ni kó gbé e padà wálé."

Ó ń wò mí. "Ó dáa. Ṣé gbogbo ohun tó máa sọ nìyẹn, Dàvi? Ṣé kò sí nǹkan mìíràn?"

"Kí ló tún kù?" ni mo wí. "Kò sí."

Lọ́jọ́ kejì, ìdajì Ànàgókọ́mé ló wà nínú sítọ́ọ̀. Ìyá Wàhábì jókòó níwájú, ó gbé abọ́ àkàsà àti ẹja díndín lẹ́sẹ̀, ó fi aṣọ bò ó. Èmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Èjìdé wà lẹ́yìn mi. Òyìnbó onírin lórí yẹn ń bá ọmọ ọba ṣeré ìfẹ́, ó pẹ́ títí, mi ò rí ohun tó kàn mí níbẹ̀. Nígbà tó yá, ilẹ̀ mì tìtì nínú ìlú náà. Òpó òkúta ń sán. Àwọn aláàárù tú jáde láti ààfin, wọ́n ń sá, ẹni tó kẹ́yìn sì sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀, ó kọjú sí wa.

Ojú rẹ̀ kún gbogbo aṣọ. Mo rí i dáadáa. Òyìnbó ni, wọ́n fi èédú kùn ún lójú. Èédú náà ò tiẹ̀ dé etí rẹ̀.

Ìyá ọkọ mi ti dìde. Ojú àgbà ò ríran tó bẹ́ẹ̀. "Wàhábì!" ló ń pè. "Wàhábì ọmọ mi! Èmi rèé o!"

Àwọn Mina bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin eléèédú la ẹnu, ó ń sọ̀rọ̀, ìwé sì jáde. Gabriel dìde. Kò ké bó ṣe máa ń ké. Ó rọra sọ ọ́ bí ẹni ń jíṣẹ́ nílé ènìyàn.

"Ó ní, Ìyá mi, mo kí yín. Ẹ má gbé oúnjẹ sílẹ̀ dè mí mọ́. Ẹni tó bá wọ ìlú tí mo wà yìí kì í padà wálé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe fìdáù mi."

Ti oúnjẹ yẹn, èmi kọ́ ni mo kọ́ ọ.

"Ó dáa," ni Ìyá Wàhábì wí. "Ó dáa, ọmọ mi. Mo ti gbọ́." Ó jókòó. Ó ṣí aṣọ kúrò lórí abọ́, ó gbé abọ́ náà lé mi lẹ́sẹ̀. "Sàrátù, jẹ ẹ́. Tí a bá délé, kí o ránṣẹ́ sí Ààfáà, kí ó mú Jimọ̀."

Ohun tí mo fẹ́ ti bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ó yẹ kí n dìde. Mi ò dìde, mo na ọrùn sí aṣọ funfun yẹn. Òpó wó lulẹ̀, omi ya wọlé, ó bo ọba, ó bo títì, ó bo gbogbo wọn. Wọ́n ṣí àpò kúrò lójú fèrèsé, oòrùn wọlé, àwọn ènìyàn ń gbọn yẹ̀rì wọn, wọ́n ń jáde.

Èjìdé fọwọ́ kàn mí léjìká. "Sàrátù, ó ti tán o."

"Ṣé ó tán náà nìyẹn?" ni mo wí.

"Kí lo tún ń retí?"

Èmi tí mo fi ẹnu ara mi kọ́ Gabriel ní ohun tó máa sọ, èmi tí mo rí èédú lójú òyìnbó, mo wo ògiri yẹn, ẹkún tí mo ti ń wá láti ọjọ́ yìí sì bú jáde lórí àkàsà tó wà lẹ́sẹ̀ mi.

"Kò dárúkọ mi," ni mo wí. "Èjìdé, kò tiẹ̀ dárúkọ mi."