Àyè Jígí Lára Pátákó

Àyè kan ṣófo lára pátákó irinṣẹ́. Wúlẹ̀mọ̀tù rí i kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka irinṣẹ́, nítorí bí wọ́n ṣe ṣe pátákó náà nìyẹn: wọ́n fi ọ̀dà dúdú ya àwòrán irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan síbi tí yóò máa gbé, tí ọ̀kan bá ti kúrò nílé, dúdú rẹ̀ á máa wo ènìyàn lójú. Èyí tí ó ń wò ó lójú ní àárọ̀ Sátidé yẹn rí roboto, ó sì ní ìrù gígùn. Jígí kékeré tí wọ́n fi ń yọjú wo kọ̀rọ̀ bàálù ni.

Wọ́n ti fa bàálù náà jáde sínú oòrùn. Alpha Jet ni, bàálù ogun tí Faransé àti Jámánì jọ ṣe, oníjòkòó méjì, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Faransé fi tirẹ̀ kọ́ àwọn awakọ̀ òfuurufú níṣẹ́. Jámánì fi tirẹ̀ ṣọ́ ọ̀tá, ó sì fi ń kọlù wọ́n nílẹ̀. Nàìjíríà náà rà nínú rẹ̀. Eléyìí kò tíì dún rí láti ìgbà tí ó ti dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré yìí, lẹ́yìn ìlú Camp Springs ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn bàálù ńlá inú bárékè ológun òfuurufú ti ń gba orí ènìyàn kọjá. Ìgbìmọ̀ ilé náà kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n: bí ẹ́ńjìnì rẹ̀ bá ṣiṣẹ́ lójú wọn lónìí, yóò ní àyè lábẹ́ òrùlé, bí kò bá ṣiṣẹ́, àwọn tí ń ra àlòkù irin yóò fi tírélà wá gbé e lọ́jọ́ Ajé.

Ó lé lọ́dún méjì tí Wúlẹ̀mọ̀tù ti ń wa mọ́tò láti ìlú Laurel wá síbẹ̀ ní gbogbo Sátidé. Láàárín ọ̀sẹ̀, bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé ni ó ń tún ṣe. Bàbá Olúwagbémiga ni ó kọ́ ọ ní iṣẹ́ bàálù. Bàbá ti tọ́jú irú bàálù yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Kainji, nígbà tí ó wà nínú ológun òfuurufú, kí ó tó tẹ̀lé àwọn ọmọ rẹ̀ wá sí Amẹ́ríkà. Òun ni ó ya pátákó náà, òun ni ó sì ṣe òfin rẹ̀: ẹni tí ó bá mú irinṣẹ́, lójú ẹlòmíràn ni yóò ti dá a padà, bí ọ̀kan bá sì sọnù, a kò ní ṣíná ẹ́ńjìnì.

Ní kùtùkùtù àárọ̀ yẹn, Bàbá ti pariwo láti òkèèrè pé, “Mo ti dá gbogbo wọn padà o!” Wúlẹ̀mọ̀tù dáhùn pé, “Ẹ kú iṣẹ́, sà.” Kò lọ wò ó. Ta ni yóò máa fi ojú tẹ̀lé ọwọ́ àgbà bí ẹni ń ṣọ́ olè?

Ó lọ bá Bàbá lẹ́sẹ̀ àkàbà bàálù.

“Bàbá, jígí onírù gígùn dà?”

“Mo ti dá a padà. Ṣé o ò gbọ́ ni?”

“Mo gbọ́, sà. N kò rí i ni.”

“Ìyẹn ni pé mò ń purọ́.”

“N kò sọ bẹ́ẹ̀, sà.”

“Kí lo wá sọ?”

Kí ó tó fèsì, Stephanie, alága ìgbìmọ̀, ti dé ọ̀dọ̀ wọn. “Ṣé kí àwọn èèyàn mi bọ́ síwájú?”

“Rárá,” ni Wúlẹ̀mọ̀tù wí. “Irinṣẹ́ kan sọnù. A kò ní ṣíná títí a ó fi rí i.”

“Irinṣẹ́ wo?”

“Jígí kékeré.”

“Jígí! Ẹ jẹ́ kí n rán ẹnì kan lọ ra òmíràn.”

“Kì í ṣe jígí ni a ń wá. Ibi tí ó wà ni a fẹ́ mọ̀.”

Stephanie nawọ́ sí ọkọ̀ àwọn panápaná tí wọ́n bẹ̀ wá dúró tì wọ́n, bí iná bá sọ nígbà tí wọ́n bá ṣíná. “Wọn kò ní pẹ́ lọ. Bí wọ́n bá ti lọ, ó tán nìyẹn. N kò lè pe ìgbìmọ̀ jọ lẹ́ẹ̀kejì.”

Bàbá yí ọ̀rọ̀ sí Yorùbá. “Wúlẹ̀mọ̀tù, o fẹ́ dójú tì mí lójú àlejò? Èmi tí mo kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń di sípánà mú, nígbà tí ò ń dì í mú bí ṣíbí ìpọnbẹ̀!”

“Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n má gba ẹnu ẹnikẹ́ni gbọ́ nídìí bàálù.”

“Mo ní kí o má gba tèmi gbọ́?”

“Ẹ ò yọ ara yín kúrò, sà.”

Bàbá lọ jókòó sórí àga, ó kọ ẹ̀yìn sí bàálù, ó fa fìlà bojú.

Wúlẹ̀mọ̀tù bẹ̀rẹ̀ láti iwájú. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹnu ẹ́ńjìnì méjèèjì, ó ṣí ìdérí abẹ́ ikùn, ó dọ̀bálẹ̀ lórí kọnkéré wo ihò táyà, ó tú àpò ara rẹ̀ wò. Àwọn ìgbìmọ̀ ń wo aago. Àwọn méjì wọ mọ́tò wọn lọ. Àwọn panápaná bẹ̀rẹ̀ sí í ká rọ́bà omi wọn. Kò sáré, kò sì bẹ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí gbogbo ibi tí ó lè wò fúnra rẹ̀ tán, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú àga.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ wo lẹ ṣe kẹ́yìn láàárọ̀?”

Bàbá fèsì lábẹ́ fìlà. “Ìjókòó ẹ̀yìn. Ọ̀pá tó so lífà tí a fi ń gbé iná ẹ́ńjìnì sókè sódò níwájú mọ́ ti ẹ̀yìn. Mo fi jígí wo pínnì rẹ̀, pínnì náà dáa. Jessica ọmọ-ọmọ mi wá pè mí lórí fóònù, ó ní òun ti gba ipò kìíní nínú eré ìje, mo...”

Ó ṣí fìlà kúrò lójú.

Wúlẹ̀mọ̀tù ti ń sáré lọ sídìí àkàbà.

“Dúró níbẹ̀,” ni Bàbá wí. “Ọwọ́ mi ló fi í síbẹ̀. Ọwọ́ mi ni yóò mú un.”

Eékún rẹ̀ kò fẹ́, ṣùgbọ́n ó gun àkàbà náà. Ó ti apá bọ inú kọ̀rọ̀ títí dé èjìká. Wọ́n gbọ́ tí irin ha irin. Kò fa jígí náà yọ kíá. Ó kọ́kọ́ ti lífà síwájú, lífà lọ. Ó fà á padà, kò padà: ìrù jígí ti há a.

“Wá wò ó,” ni ó wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. “Ká ní a ti ṣíná ni, a ò bá tí lè rọ iná rẹ̀ sílẹ̀.”

Ó gbé jígí sọ̀kalẹ̀. Ní iwájú pátákó, kò tíì fi í kọ́. Ó dúró títí Wúlẹ̀mọ̀tù fi dé.

“Ṣé ò ń wò mí?”

“Mò ń wò yín, sà.”

Ó fi jígí kọ́ sí àyè rẹ̀. Ó wá na apá méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́. “Tú àpò mi.”

“Bàbá, ó ti tó.”

“Tú u!”

Ó tú u: bírò kan, aṣọ ìnujú kan, súìtì kan.

“Súìtì ńkọ́?”

“Ti Jessica ni, olè. Dá a padà.”

Stephanie ti lọ bá àwọn panápaná fúnra rẹ̀. Ohun tí ó sọ fún wọn, ẹnikẹ́ni kò gbọ́, ṣùgbọ́n wọ́n tún rọ́bà omi náà nà sílẹ̀.

Bàbá wọ ìjókòó iwájú bàálù. Wúlẹ̀mọ̀tù bo etí, ó dúró níbi tí Bàbá ti lè rí ọwọ́ rẹ̀. Ẹ́ńjìnì òsì kọ́kọ́ sunkún, ó wú ikọ́ èéfín kan, ó sì mú. Ti ọ̀tún tẹ̀lé e. Afẹ́fẹ́ lẹ́yìn bàálù ń gbọ̀n bí omi tó fẹ́ hó. Wúlẹ̀mọ̀tù gbé ọwọ́ sókè, ariwo gòkè. Ó rọ ọwọ́ sílẹ̀, ariwo padà. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí kò gba ti àkọ́kọ́ gbọ́. Ó wá fi ọwọ́ gé ọrùn, Bàbá sì pa á.

Wúlẹ̀mọ̀tù padà sídìí pátákó, Stephanie sì tẹ̀lé e wọlé. “Mo ti pe àwọn onírin. Tírélà kò ní wá mọ́. Ẹ gbọ́? Ó ti di tiwa.”

Wúlẹ̀mọ̀tù kò yíjú. Ó gbé ìka kan sókè pé kí ó dúró ná. Ó ń ka irinṣẹ́, kò sì tíì dé ìdajì.