Ẹ̀ga Olórí Pupa

Ọjọ́ ti pẹ́ tí Màmá Láwùmí ti ń bẹ Abíọ́dún, ọmọ wọn, pé kó gbé àwọn lọ sínú igbó tó wà lẹ́yìn Mọ́níyà. Tíṣà bàólọ́jì ni Màmá kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ilé Abíọ́dún ní Àkóbọ̀ ni wọ́n sì ń gbé. Ẹyẹ kan ni wọ́n fẹ́ rí, irú ẹ̀ga kan tó dúdú, tí orí rẹ̀ pupa títí dé àyà. Àwọn ẹ̀ga yòókù máa ń pariwo láàárín ìlú, ṣùgbọ́n inú igbó ni eléyìí máa ń fara pa mọ́ sí ní tiẹ̀. Wọ́n ti fi kọ́ ọmọ ilé-ìwé títí, wọn ò fojú kàn án rí.

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, mà," ni Abíọ́dún máa ń wí. Agbẹjọ́rò ni ní Dùgbẹ̀, iṣẹ́ kì í sì í tán lọ́rùn rẹ̀.

Àfìgbà tí dókítà sọ pé ojú ọ̀tún Màmá ò ríran mọ́, pé tòsì náà ń lọ díẹ̀díẹ̀. Sátidé tó tẹ̀ lé e, Abíọ́dún gbé Màmá àti Fikáyọ̀, ọmọbìnrin rẹ̀, wọ́n sì ti kọjá Òjóò kí ilẹ̀ tó mọ́ tán.

Wọ́n jókòó sórí ìtì igi nínú igbó títí òrùn fi ń ta. Fikáyọ̀ rọra fọwọ́ kan Màmá.

"Grandma, ẹ wo òkè yẹn, níbi tí ìtàkùn ti lọ́ mọ́ ẹ̀ka. Orí ẹ̀ pupa."

Màmá gbé awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn sójú òsì. "Mò ń wá a," ni wọ́n wí. "Ẹ dákẹ́."

Fóònù Abíọ́dún dún. Ó yẹ kó pa á. Ṣùgbọ́n oníbàárà ni, ó sì gbé e: "Hẹ́lò, ẹ jẹ́ n pè yín padà."

"Ó ti fò lọ," ni Fikáyọ̀ wí.

Màmá ò tíì gbé awò kúrò lójú.

"Ẹ máà bínú, mà," ni Abíọ́dún wí.

"Kò sí nǹkan kan. Ṣé kò sí wàhálà lọ́fíìsì?"

Ìbéèrè yẹn dun Abíọ́dún ju kí wọ́n bú u lọ. Wọ́n dúró títí di ọ̀sán, ẹyẹ náà ò padà wá.

Kí ọyẹ́ tó dé, Màmá ò rí nǹkan kan mọ́. Síbẹ̀, Abíọ́dún ń gbé wọn lọ sínú igbó náà. Kò sẹ́ni tó ń bẹ̀ ẹ́ mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹyẹ náà bà sórí ẹ̀ka kan tí kò ga rárá, ó ń yẹ ewé wò.

"Ó ti dé, mà," ni Abíọ́dún sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Orí ẹ̀…"

"Má kánjú," ni Màmá wí. "Sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an."

Ó ń sọ ọ́. Màmá kọjú sí ibi tí ohùn ọmọ wọn ti ń wá, wọn ò kọjú sí igi.